Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Gbé Kámẹ́rà Lọ Wá Ojú Ìbídùn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi odán yìí, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kó tètè hú u tán, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ikọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdẹ ni mí. Mo ti bá ìnàkí pín iṣu sísun jẹ, òun ló sì kọ́kọ́ sọ pé òun ti yó. Ẹfọ̀n tó bá gbọ́ ohùn mi a máa dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ṣubú. Ṣùgbọ́n ti ara mi kọ́ ni n ó sọ lónìí. Ti Ọdẹ́yalé ọ̀rẹ́ mi ni, ọkùnrin tí ǹ bá sọ pé ó mọ ọdẹ ṣe jù mí lọ, bí kì í bá ṣe pé irọ́ ò dára lẹ́nu àgbà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, apá tó gbẹ̀yìn sì ni mo fi ojú ara mi rí.

Ọdẹ́yalé ní ìyá, Àwẹ̀ró lorúkọ wọn. Ó sì ní àbúrò kan ṣoṣo, obìnrin, Ìbídùn. Ní ọdún kan tí ọ̀dá dá, Ìbídùn lọ pọnmi ní odò ẹ̀yìn òkè, ẹrẹ̀ sì fà á wọlé dé àyà. Ó pariwo títí, kò sí ọmọ aráyé kan nítòsí. Iwin kan ló fà á jáde. Gìrìpá ni wọ́n ń pe iwin náà, òun sì ni olórí gbogbo iwin tó wà níhà ibẹ̀. Ìbídùn wo ẹni tó yọ òun lọ́wọ́ ikú, ó wo bó ṣe ń nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ òun jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ẹyin, ó ní òun á fẹ́ ẹ. Ó ránṣẹ́ sílé, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ti jẹ iyọ̀ àwọn iwin, oòrùn ayé kì í gbà á mọ́. Bó bá bọ́ síta báyìí, ara rẹ̀ á máa jó o bí ẹni tí wọ́n da epo gbígbóná lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùn ò ṣe padà wálé.

Ìyá wọn wá dàgbà, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n pe Ọdẹ́yalé sí yàrá.

"Ọdẹ́yalé, ojú mi ń lọ. Lánàá mo dúró, mo béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ ewúrẹ́. Mo rò pé ìyàwó rẹ ni."

"Ìyá mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́. Kí gbogbo rẹ̀ tó di òkùnkùn, mo fẹ́ rí ojú Ìbídùn. N ò ní kí o gbé e wá, mo mọ̀ pé kò ṣe é ṣe. Ojú rẹ̀ nìkan ni kí o bá mi mú wá."

Ọdẹ́yalé jáde, ó gba ilé Súfíánù ayafọ́tò lọ. Súfíánù yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà kan tó ń gbé sùn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ó dúdú, ó wúwo bí òkété tó jẹ ẹ̀pà yó. Bọ́tìnnì wà níwájú rẹ̀, ó wà lẹ́yìn, ó wà lórí, ó wà ní ìhà, gbogbo ara rẹ̀ rí wúruwùru bí ara ẹni tí eéwo yọ sí. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lórí tí ìka ń yí, òmíràn wà lẹ́yìn tí àtàǹpàkò ń yí. Nígbà tí Súfíánù gbọ́ ohun tí Ọdẹ́yalé bá wá, kò jiyàn. Ó gbé e sílẹ̀, ó fa àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó kí n kọ́ yín. Ibi tí ẹ ó tẹ̀ yìí, ìpele méjì ló ní. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, kí ojú rẹ̀ lè wá ohun tí ẹ fẹ́ yà, kó mú un ṣinṣin. Ìgbà náà lẹ tó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kẹ̀kẹ́ orí yìí ńkọ́, bí ẹ bá yí i sí..."

Ọdẹ́yalé bú sẹ́rìn-ín. "Súfíánù, àbúrò mi, ta lò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa nǹkan? Láti kékeré ni mo ti ń fa ìbọn. Ẹran tó bá rí ẹnu ìbọn mi ti rí ibojì ara rẹ̀."

"Ìbọn kọ́ nìyí, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ní ojú tí à ń fi wò, ó ní ibi tí à ń fà. Kí ló tún kù?"

"Èyí tó kù ló pọ̀."

"Gbé e wá, jàre."

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀rẹ́ mi ò béèrè.

Ẹ má bi mí bó ṣe rìn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ebi ló sì ń jẹ. Ó wọ Igbó Àìkíni, igbó tí àwọn ẹ̀mí inú rẹ̀ kì í kí ara wọn láàárọ̀ débi tí wọ́n á kí àlejò. Ẹ̀mí kan dínà mọ́ ọn níbẹ̀. Ara rẹ̀ ga bí òkìtì ọ̀gán, ọrùn rẹ̀ nípọn ju ìdí ìrókò lọ. Kò-rójú-ara-rẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé omi tó bá bẹ̀ wò máa ń gbẹ kó tó rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ọmọ aráyé," ni ẹ̀mí náà wí, "kí ni ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, tí gbogbo ẹni tó pàdé mi rí, tí èmi tí mo ni ín ò rí rí?"

"Ojú rẹ ni."

"O gbọ́n. Fi hàn mí, kí o kọjá. Bí o kò bá lè fi hàn mí, n ó ṣí tìrẹ lọ, n ó máa lò ó."

Inú Ọdẹ́yalé dùn. Ó ní ọ̀rọ̀ rèé tó rọrùn. Ó gbé kámẹ́rà sójú, ó wò ó, òkùnkùn biribiri. Ó yí kẹ̀kẹ́ orí, òkùnkùn. Ó yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn, òkùnkùn. Ó ní ẹ̀mí yìí ti de kámẹ́rà ni, ló bá bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀, ó pe igi, ó pe ọpẹ, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀mí náà ń wò ó. Ó ní, "Ike roboto tó bo ojú rẹ̀ yẹn, ṣé ó yẹ kó wà níbẹ̀?"

Ọdẹ́yalé yọ ìdérí náà, ó tì í bàpò, ó tẹ bọ́tìnnì náà gbàgà bí ẹni ń fa ìbọn. Wọ́n wo àwòrán tó jáde lẹ́yìn kámẹ́rà. Ewé kan tó rọ̀ sílẹ̀ níwájú ni kámẹ́rà mú. Èèrà kan wà lórí ewé náà, èèyàn lè rí irun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀mí tó dúró lẹ́yìn ewé wá dà bí èéfín ìdáná.

"Èéfín ni mí?" Ẹ̀mí náà gbá Ọdẹ́yalé létí, ìràwọ̀ tàn lójú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ó wá rántí pé ìdajì ni Súfíánù ní kí òun kọ́kọ́ tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì. Àpótí kékeré aláwọ̀ ewé kan tí kámẹ́rà fi ń wá ohun tó fẹ́ yà yọ nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri bí eṣinṣin. Ó bà lé orúnkún ẹ̀mí. Ó bà lé igi. Ó bà lé ìdodo. Gbogbo ibi tí kì í ṣe ojú ló ń bà lé.

"Òkè!" Ọdẹ́yalé pariwo mọ́ ọn. "Ojú ló wà lókè yẹn! Ìwọ alára ní ojú, o ò wá mọ ojú?"

Ó tún fi ìbínú yí kẹ̀kẹ́ kan. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, kámẹ́rà náà dá krà, kò sì dákẹ́: krà-krà-krà-krà-krà, bí ẹyẹ àkókó tó rí igi jíjẹrà. Ọwọ́ Ọdẹ́yalé gan mọ́ ọn lára, ó ń yà á lọ. Ó ya ihò imú, ó ya abíyá, ó tún ya ewé ìṣáájú yẹn, kí àpótí náà tó ṣèèṣì kọjá lójú ẹ̀mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó fi hàn án. Ẹ̀mí náà tẹjú mọ́ ọn. Ọdẹ́yalé ń fọwọ́ pa ojú ara rẹ̀ lórí, ó ń dágbére fún un.

"Ṣé bí mo ṣe rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyá mi ní bàbá mi ni mo jọ. Nígbà tí inú bá ń bí wọn sí mi, wọ́n á ní bàbá mi gan-an nìyí." Ẹ̀mí náà jókòó lórí gbòǹgbò. "Àwọn fúnra wọn ni mo jọ." Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, Ọdẹ́yalé sì kọjá.

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀ kó tún nǹkan ọwọ́ rẹ̀ wò. Kò dúró. Bó ṣe ń rìn ló ń wá ibi tí yóò gbà pa krà-krà náà, ó ń tẹ èyí, ó ń tẹ tọ̀hún, títí tó fi wọ Ìlú Bàìbàì. Ní Ìlú Bàìbàì, èèwọ̀ ni iná. Bí ìmọ́lẹ̀ ìdájí ni gbogbo ọjọ́ wọn rí, wọn kì í dáná, wọn kì í tan àtùpà, awọ ojú wọn fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un lómi. Níbi tó ti ń mumi lọ́wọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ta ko bọ́tìnnì kan ní ìhà kámẹ́rà. Orí kékeré kan ta jáde lórí kámẹ́rà, pákó! Ó yà á lẹ́nu, ó di kámẹ́rà mú gírígírí, ìka rẹ̀ sì tẹ ibi tí kò yẹ. Mànàmáná bú jáde.

Àwọn èèyàn Bàìbàì wó lulẹ̀. Ìkòkò fọ́. Ọmọ jòjòló tí kò sunkún rí nílùú yẹn figbe ta. Wọ́n dì í tapá tẹsẹ̀, wọ́n gbé e lọ síwájú Ìyálóde Ṣíṣú, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí ìkòkò àmù.

"Àlejò, ìwọ lo gbé mànàmáná wọ ìlú wa?"

"Èmi kọ́, ìyá. Kámẹ́rà yìí ni."

"Ẹrú rẹ ni àbí ọ̀gá rẹ?"

Ìbéèrè náà ká Ọdẹ́yalé lára. "Ẹrú mi ni!"

"Ó dáa. Ẹ tú u. Pàṣẹ fún ẹrú rẹ kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń pè ní mẹ́nù. Ibẹ̀ ni gbogbo àṣẹ kámẹ́rà wà. Ọdẹ́yalé tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ó wọlé, ó bá ilẹ̀kùn mìíràn, ó wọ ìyẹn náà, ó tún bá ilẹ̀kùn. Èyí ní òun ni ti àwọ̀, òmíràn ní òun ni ti ohùn, òmíràn ní òun ni ti agogo. Ti mànàmáná, kò rí i. Ó fẹ́ padà sẹ́yìn, kò mọ ibi tí ẹ̀yìn wà. Ó tẹ nǹkan kan, kámẹ́rà bi í léèrè pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kí ló dá mi lójú?" Ọdẹ́yalé pariwo. "Mo ti ṣe é tán kí o tó máa bi mí?" Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ yí padà. Òyìnbó díẹ̀díẹ̀ tí Ọdẹ́yalé lè kà pòórá, lẹ́tà kan tí kò jọ ti ayé rọ́pò rẹ̀, jágbajàgba bí ìgbà tí adìẹ bá rìn lórí eérú. Ìwọ̀nba ilẹ̀kùn tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó yí kẹ̀kẹ́ títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro ó. Níkẹyìn ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà wọn, ó gbé kámẹ́rà lé itan, ó fọwọ́ lérí. Ọdẹ́yalé! Ọkùnrin tó bá ẹkùn wọ ihò, tí ẹkùn gba ẹ̀yìn jáde! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹṣin ò tíì gbé ṣubú rí ló ń fi ẹni tó ṣubú ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá," ló wí, "bóyá ọ̀gá mi ni."

Ìyálóde Ṣíṣú rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wá síbi tí Ọdẹ́yalé jókòó sí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí kékeré tó ta sókè lórí kámẹ́rà náà. Ó wọlé padà, pákó. Mànàmáná tán.

"Orí tó bá yọ sókè, à ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ni," ni obìnrin náà wí. "Máa lọ. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀gá rẹ̀, a kì í dè é."

Ọdẹ́yalé sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn dun òun ju ìgbájú ẹ̀mí lọ.

Ó dé ilé Gìrìpá lẹ́yìn odò. Ìbídùn ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ilé. Bó ṣe rí i, ó da ẹ̀fọ́ nù, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi ò!" Gìrìpá fúnra rẹ̀ jáde, ewédò ló fi ṣe irùngbọ̀n, èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀, ilẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tí Ọdẹ́yalé bá wá, ojú rẹ̀ le.

"Àna mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Mo gbọ́ pé nǹkan ọwọ́ yín yẹn ń mú ojú èèyàn lọ. Bó bá mú ojú ìyàwó mi lọ, ojú ta ni n ó máa wò?"

"Kì í mú un lọ. Ó ń fi ojúlówó sílẹ̀."

Gìrìpá rò ó. Ó ju obì kan sẹ́nu. "Ó dáa, nítorí ìyá wa. Kí obì yìí tó tán lẹ́nu mi, kí ẹ ti ṣe é tán. Bó bá tán, ẹ ó palẹ̀ mọ́."

Ìbídùn jókòó lórí àpótí, ó tún gèlè ṣe, ó rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́yalé gbé kámẹ́rà sókè, ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kò dá krà. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́tà ẹsẹ̀ adìẹ kan ló yọ pupa lójú rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Ó yí kẹ̀kẹ́ orí. Ó yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn. Ó tẹ ìhà, ó tẹ ìdí. Lẹ́tà pupa náà ń ṣẹ́jú. Gìrìpá ń jẹ obì: wọ̀mù, wọ̀mù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa rẹ́rìn-ín lọ ni?"

"Máa rẹ́rìn-ín!"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dùn mí."

"Mo ní kí o máa rẹ́rìn-ín, Ìbídùn!"

Gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́nà wá ru sókè sí i lọ́fun. Ó ṣí fìlà, ó là á mọ́lẹ̀. "Ìwọ ẹrù ìyà yìí! Mo gbé ọ lọ́rùn bí ọmọ, ẹ̀mí gbá mi létí nítorí rẹ, wọ́n dè mí nítorí rẹ! Ìyá mi jókòó sílé, ojú wọn ń kú lọ, ìwọ ń ṣẹ́jú sí mi?"

Gìrìpá na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn. "Àna mi, ó ní òun ti yó."

"Ta ló yó?"

"Òun ni. Ó kọ ọ́ síbí: mo ti yó, kò sí àyè mọ́. Lẹ́tà tiwa nìyí."

Wọ́n wo inú rẹ̀. Ihò imú ẹ̀mí ló kún un, àti abíyá, àti ewé, ọ̀kẹ́ àìmọye ewé. Krà-krà ọjọ́ yẹn ló jẹ gbogbo àyè tán. Gìrìpá gba kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́. Àwọn iwin kì í kánjú. Ilẹ̀kùn tó bá wọ̀, ó ń kà á tinútinú, ó ń mi orí. Ọdẹ́yalé na ọwọ́ pé kó gbé e wá, Gìrìpá ní, "Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀, àna mi, mo wà nínú ilé kan báyìí." Ọdẹ́yalé fà á. Gìrìpá fà á padà. Ọdẹ́yalé ní kámẹ́rà òun ni. Gìrìpá ní ìyàwó òun ni.

"Ó tó!" Ìbídùn ti dìde. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tí ẹ ti dé, ṣé ẹ ti wò mí?"

"Kí ni mò ń ṣe láti àárọ̀?"

"Kámẹ́rà lẹ̀ ń wò. Ẹ ò tíì béèrè bí mo ṣe wà. Èmi náà ò tíì gbọ́ bí ìyá mi ṣe wà, mo kàn ń yọ eyín níbí bí òkú ẹran."

Ọ̀rọ̀ wọ Ọdẹ́yalé lára. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó jọ̀wọ́ kámẹ́rà náà fún Gìrìpá. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àbúrò rẹ̀, ó wò ó. Ó rí i pé ewú ti yọ nídìí etí rẹ̀. Ó rí i pé ó ti ń dijú díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ìyá wọn ṣe ń ṣe. Ó sọ fún un pé ìyá ń bẹ, pé ojú wọn ti ń ṣú, pé wọ́n béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ ewúrẹ́.

"Kí ni ewúrẹ́ wá fèsì?"

"Ó ní mẹ́ẹ̀."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà fà á lọ títí ó fi dé ibi tí omi wà, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ krà, ẹyọ kan.

Gìrìpá sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Ó ti dá obì dúró lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ti gbàgbé láti jẹ ẹ́. "Mo mọ ojú yẹn," ló wí. "Mo kàn ń dúró dè é ni." Ó wá jẹ èyí tó kù, ó gbé e mì. "Àna mi, ó ti tán."

Bí Ọdẹ́yalé ṣe délé kò gùn ní sísọ. Ìbínú kámẹ́rà náà ló ń tì í lẹ́yìn. Ó gba ọ̀dọ̀ Súfíánù kọjá, wọ́n jọ lọ bá ìyá. Ó gbé kámẹ́rà síwájú wọn, ó tẹ bọ́tìnnì, ojú Ìbídùn sì yọ. Ìyá Àwẹ̀ró gbé e súnmọ́ imú.

"Ó ti sanra," wọ́n ní. "Áà, ewú ti ta. Ta ló ń wò tí ojú rẹ̀ fi rí báyìí?"

"Èmi ni, ìyá."

Ibẹ̀ ni ojú kámẹ́rà ti ṣú. Ìyá fò sókè. "Ó ti lọ! Kí ló dé?"

"Oorun ló ń sùn, ìyá. Bí èèyàn ò bá fọwọ́ kàn án, á sùn." Ó tẹ̀ ẹ́, ojú padà yọ. Kí wọ́n tó sọ gbólóhùn méjì, ó tún sùn. Ọdẹ́yalé kígbe pe Súfíánù pé kó wá wí fún un kó má sùn mọ́. Súfíánù wọ mẹ́nù, ó bá lẹ́tà ẹsẹ̀ adìẹ, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Òun tó ni kámẹ́rà, kò mọ̀ ọ́n kà. Ó rọra jáde lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí lọ kí ìyá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo bá ìyá tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, mo bá ọ̀rẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó na àtàǹpàkò sórí bọ́tìnnì bí ẹni tó lúgọ de ẹran. Mo kí i, kò gbójú kúrò lára bọ́tìnnì. Òógùn wà níwájú orí rẹ̀. Ẹran ọrùn rẹ̀ le gan-an, mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbà á láyè, yóò ju nǹkan náà sí kànga. Ojú Ìbídùn ṣú. Ìyá na ọwọ́, wọ́n wá orúnkún ọmọ wọn rí, wọ́n fi ọwọ́ lé e.

"Tún un tẹ̀," wọ́n ní.

Ó tún un tẹ̀.